Ọjọ́ kan ní North Berwick pẹ̀lú Màmá, ìbejì, àti ọkọ tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Glasgow la ń gbé. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù Keje. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkọ mi ò mọ̀ ju gọ́ọ̀fù lọ. A ò ní mọ́tò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká mú Màmá lọ sí North Berwick, ìlú etíkun kan ní ìlà oòrùn Edinburgh, àmọ́ nígbà tí mo wo fọ́tò ìlú náà, omi àti òkúta nìkan ni mo rí. Kí lèèyàn ń rí ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan? Kí ló yẹ ká náwó lé, kí ló yẹ ká fi sílẹ̀?" — Ìyá Ìbejì, Glasgow

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra àlejò. Òkúta tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn gan-an ni kí ẹ náwó lé. Tí ẹ bá ti rí owó ìyẹn san, ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ò sì ní gbówó lórí. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù náà ló máa ṣẹlẹ̀: ẹ ó jókòó síwájú omi tútù, ẹ ó lá áísìkiríìmù, ẹ ó wọ ọkọ̀ padà sílé.

Bass Rock ni wọ́n ń pè é. Ó dá dúró sínú òkun ní apá ìlà oòrùn ìlú náà, ó ga ju mítà 100 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga ṣánṣán bí ògiri. Òkè oníná ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 320 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ohun tó dì mọ́ ọ̀nà ọ̀fun òkè náà ló kù tí a ń wò lónìí. Yìnyín àti omi ti jẹ ìyókù lọ. Tí ẹ bá dúró ní etíkun lóṣù Keje, ẹ ó rí i pé orí rẹ̀ funfun. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ máa ń rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ẹyẹ ni. Ẹyẹ, àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Gannet lorúkọ ẹyẹ náà. Ẹyẹ òkun ńlá ni, ara rẹ̀ funfun báláú, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Tó bá na ìyẹ́ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Tó bá rí ẹja láti òkè, á ká ìyẹ́ mọ́ra, á sì já wọ inú òkun láti nǹkan bí 30 mítà, eré rẹ̀ á tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò ní ihò imú níta, àpò afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ awọ ojú àti àyà rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí omi fọ́ ọ lórí. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sùn lọ bí ọkọ̀ ṣe ń jáde ní èbúté, tí wọ́n dìde dúró lẹ́yìn tí gannet àkọ́kọ́ já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2014, ibi tí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ sí lórí òkúta yẹn ju 75,000 lọ, tọkọtaya kan sí ìtẹ́ kan. Kò síbòmíràn láyé tí wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àrùn fúlúù àwọn ẹyẹ wá wọ àárín wọn ní 2022, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2023, ìtẹ́ náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 52,000. Ohun kan tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ojú gannet máa ń ní àwọ̀ búlúù tó ṣí, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó kó àrùn náà tí wọn ò kú, ojú àwọn kan di dúdú. Ẹ yá awò amú-ọ̀nà-jíjìn lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ ní kí àwọn ìbejì máa wá olójú dúdú. Ìyẹn nìkan tó láti gba ariwo lẹ́nu wọn fún wákàtí kan.

Àwọn ẹyẹ yìí kì í gbé orí òkúta náà lọ́dún yípo. Oṣù Kejì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí dé, tó bá fi máa di òpin oṣù Kẹwàá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ mọ́ àwọn kan lára wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn míì máa ń lọ lo ìgbà òtútù lójú omi Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Nítorí náà, Màmá nìkan kọ́ ló ń ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bọ̀ wá wo North Berwick.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wá kàn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ yí Bass Rock po máa ń gbéra ní èbúté ìlú náà, ó sì sábà máa ń gbà tó wákàtí kan. Scottish Seabird Centre, iléeṣẹ́ àánú tó wà ní èbúté láti ọdún 2000, ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Àwọn míì náà ní ọkọ̀ kéékèèké. Ti Màmá, èyí tí wọ́n ń pè ní catamaran ni kí ẹ wá, torí ìsàlẹ̀ méjì ló fi jókòó sórí omi, kì í fì púpọ̀. Ẹ rà á ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọjọ́ Sátidé nínú oṣù Keje kì í pẹ́ kún. Ẹ mú ti àárọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀, tó bá le, ọkọ̀ ò ní jáde, tí ẹ bá sì ti mú ti àárọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún yín sí ọ̀sán. Ẹni tó mú ti ọ̀sán ò ní ibi tí wọ́n ń sún un sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje ni mo fẹ́ kí ẹ lọ. Gannet á ṣì wà títí di ìgbà tó pẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n puffin ò ní dúró. Puffin ni ẹyẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ pupa tó sì yí àwọ̀ mọ́ra, èyí tí gbogbo ọmọdé fẹ́ràn. Inú ihò ilẹ̀ ló ń yé sí, lórí erékùṣù Craigleith tí ọkọ̀ yín máa kọ́kọ́ dé, tó bá sì fi máa di ìparí oṣù náà, ọ̀pọ̀ wọn ti padà sójú agbami. Lórí Craigleith yẹn, igi kan tí wọ́n ń pè ní tree mallow hù bo ihò wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ò fi rí ọ̀nà wọlé mọ́. Láti 2007 ni àwọn aráàlú ti ń fi ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ gé e lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọọdún.

Nípa orúnkún Màmá: èbúté náà ní àtẹ̀gùn òkúta, bí omi bá ṣe kún tàbí fà sí ló sì ń sọ iye àtẹ̀gùn tí èèyàn máa sọ̀kalẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ sọ pé ẹ ní àgbà tí orúnkún ń dùn, kí ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ wo lọ́jọ́ yẹn ló máa rọrùn jù lọ láti wọ̀. Wọ́n á dá yín lóhùn láìfi yín ṣẹ̀sín. Tí Màmá bá ní àwọn ò wọ ọkọ̀ kankan, ẹ má fi tipátipá mú wọn. Inú Seabird Centre ni kí wọ́n jókòó sí. Kámẹ́rà wà lórí àwọn erékùṣù náà, èèyàn lè jókòó sínú ilé tó móoru kó máa wo bí gannet ṣe ń bọ́ ọmọ, kó tiẹ̀ máa sún un mọ́ra. Tíì náà wà níbẹ̀. Àǹfààní kan tún ni pé Màmá ò ní gbóòórùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, tí ọkọ̀ bá gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, òórùn òkúta yẹn á dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń yí i po, ẹ ó rí ògiri àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Ọdún 1902 ni wọ́n tan iná náà, kò sì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ láti 1988. Ògiri yẹn, ẹ̀wọ̀n ló jẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn oníwàásù sí tí wọ́n kọ̀ kí ọba máa darí ìjọ wọn. Lẹ́yìn náà, ní 1691, àwọn ọ̀gá ológun mẹ́rin tí wọ́n dè mọ́bẹ̀ dúró títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi sọ̀kalẹ̀ lọ gba ẹrù, ni wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Wọ́n di òkúta náà mú fún ọba tí wọ́n lé kúrò lórí oyè títí di 1694. Ẹ sọ ìtàn yìí fún Màmá, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má tíì kúrò ní èbúté. Ilé funfun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seabird Centre, àti ìpìlẹ̀ òkúta kan nínú koríko. Ohun tó ṣẹ́kù lára ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew àtijọ́ nìyẹn, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Àwọn arìnrìn-àjò ìjọ máa ń dúró níbẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ sọdá sí Fife, lójú ọ̀nà wọn sí ìlú St Andrews. Ìjì òkun ló ba èyí tó pọ̀ jẹ́ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn àjẹ́ ti ṣèpàdé lóru ní 1590. Ọba James VI ti lọ fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Anne ti Dẹ́nmáàkì, ìjì sì da ọkọ̀ wọn láàmú lójú òkun. Wọ́n ní ẹnìkan ló rán ìjì náà. Ní ìlú Tranent, ọ̀gá kan rí i pé ọmọ ọ̀dọ̀ òun, Geillis Duncan, mọ bí a ti ń wo aláìsàn sàn. Ó fìyà jẹ ẹ́ títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn èèyàn. Lára àwọn tó dárúkọ ni Agnes Sampson, ìyá kan tó ń gbẹ̀bí tó sì ń tọ́jú aláìsàn. Ọba fúnra rẹ̀ jókòó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n pa á ní Edinburgh lóṣù Kìíní 1591, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Òfin tó fàyè gba irú ìdájọ́ yìí wà ní Scotland láti 1563 títí di 1736, àwọn òpìtàn sì gbà pé àwọn tí wọ́n pa tó 2,500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ní oṣù Kẹta 2022 ni Nicola Sturgeon, tó jẹ́ olórí ìjọba Scotland nígbà náà, tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹ sọ gbogbo èyí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àmọ́ Màmá á ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé: ìjì tàbí àìsàn tí kò yé ẹnikẹ́ni, ìyá àgbà kan tó mọ ewé, àti ẹnìkan tó tọ́ka. Mo máa ń mú àwọn àlejò wa láti ilé débẹ̀, ó sì máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn ju ilé olódi èyíkéyìí lọ.

Etíkun ńkọ́? Méjì ló wà, ọ̀kan ní ọ̀tún èbúté, ọ̀kan ní òsì, iyanrìn dáadáa ni méjèèjì. Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ wà fún Màmá: iléeṣẹ́ àánú kan ní ìlú náà ń yá èèyàn ní àga onítáyà ràgàjì tó ń rìn lórí iyanrìn tí kì í rì, lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ wọn ni Beach Wheelchairs. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè fi ọ̀kan sílẹ̀ dè yín. Ẹ má jẹ́ kí Màmá sọ pé àwọn ò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àga náà dé iwájú wọn ná, kí wọ́n rí bí táyà rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Àwọn ìbejì, ẹ wo àkókò tí omi máa fà. Tí omi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn àpáta á yọ, kòtò omi kéékèèké á sì kù láàárín wọn, alákàn, ìgbín òkun àti oríṣiríṣi nǹkan á wà nínú wọn. Garawa kékeré kan àti bàtà tó lè wọ omi ti tó wọn. Kí wọ́n dá alákàn padà síbi tí wọ́n ti mú un. Lúwẹ̀ẹ́ kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn gan-an, omi yẹn ń wà láàárín 13 sí 15 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí á bẹ́ sí i. Èmi dúró sí kókósẹ̀.

Ọkọ yín wá kàn, kó má bàa ní mo gbàgbé òun. West Links tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú lókìkí káàkiri ayé, ọdún 1832 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ibẹ̀ sílẹ̀, ihò rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń pè ní Redan ni wọ́n sì ti wò ṣe ní ìlú òyìnbó tó pọ̀. Owó ibẹ̀ le, ayò kan á sì jẹ odindi ọ̀sán. Mi ò rò pé ọjọ́ tí ìyá ìyàwó ti Abẹ́òkúta dé ni kí èèyàn lọ fara pamọ́ sí pápá gọ́ọ̀fù. Pápá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, ihò mẹ́sàn-án. Òfin ibẹ̀ ni pé àgbàlagbà ò gbọdọ̀ gbá a àfi tí ọmọdé bá mú un dání wá. Ẹ fún un ní ìbejì méjèèjì, kí ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú òun wọlé.

Tí agbára bá ṣì wà lára wọn, kí òun àti àwọn ọmọ gun North Berwick Law, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Mítà 187 ni, òkè oníná àtijọ́ lòun náà. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán ti wà lórí rẹ̀ láti 1709, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń jẹrà. Ìkẹyìn nínú wọn ni wọ́n gbé kúrò ní 2005, èyí tó wà níbẹ̀ láti 2008 kì í ṣe eegun, àtọwọ́dá ni. Àwọn ẹṣin kéékèèké tó ń jẹ koríko níbẹ̀, wíwò ni o, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀nà gígun náà le níbi mélòó kan, torí náà kò sí ti Màmá nínú rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n lè fẹ́ jiyàn, ẹ sọ fún wọn pé òkè yìí ò ní ẹ̀rọ agbéniròkè bí ti Olúmọ.

Wọ́n máa sọ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ má dé Tantallon. Ilé olódi tí ìdílé Douglas kọ́ sí bèbè àpáta ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá ni, àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ England, ló sì fi ìbọn ńlá fọ́ ọ ní 1651. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó máìlì mẹ́ta sí ìlú, bọ́ọ̀sì tó ń gba ibẹ̀ ò wọ́pọ̀, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ò sì ṣàánú orúnkún. Ẹ ó rí ògiri pupa rẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ti tó fún ọjọ́ yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfurufú ní East Fortune, níbi tí Concorde kan wà, náà ń dúró de ọjọ́ tí ẹ bá rí mọ́tò.

Oúnjẹ: ẹja díndín àti ọ̀dùnkún ni tibẹ̀. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ "salt and sauce". Ọbẹ̀ dúdú kan tó kan díẹ̀ ni wọ́n máa dà lé e, nǹkan apá ìlà oòrùn ni, ẹ̀yin ará Glasgow kì í sábà jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ti Màmá sọ́tọ̀ láìda nǹkan kan sí i, kí ẹ sì mú ata gígún yín lọ́wọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń ta lobster tútù ní èbúté, ó wọ́n, ó dùn. Ẹ ṣọ́ ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní gull. Olè ni. Ó máa já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ yín lójú yín, torí náà kí àwọn ọmọ fẹ̀yìn ti ògiri jẹun.

Ẹ kó jákẹ́ẹ̀tì dání kódà tí oòrùn bá ń ràn ní Glasgow. Kùrukùru òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní haar, ó lè ti ojú omi wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ò ní rí Bass Rock mọ́, òtútù á sì mú Màmá. Ẹ kó ìborùn méjì fún wọn.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow Queen Street lọ sí Waverley ní Edinburgh, ó tó nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú; ẹ pààrọ̀ níbẹ̀, North Berwick ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì lòpin ọ̀nà náà, ẹ ò lè ṣì í. Tí oòrùn bá ràn ní Sátidé, gbogbo Edinburgh ló ń wọ ọkọ̀ yẹn, torí náà ẹ tètè jáde kí Màmá lè rí àga. Láti ibùdó rélùwéè sí èbúté, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, gígun ló máa wá di nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ bá takisí sọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sán kó wá gbé Màmá lọ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ò ní ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa sáré.